Igi Tí Wọ́n Là Ní Ọdún Tó Kọjá

Gbogbo wa ni a mọ igi ìdáná. A mọ bí a ti ń ṣẹ́ ẹ, bí a ti ń dì í, bí a ti ń rù ú ti oko bọ̀ wá sílé. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì ti fi igi tútù dáná rí, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èéfín á gba gbogbo ilé ìdáná. Omijé á máa dà wòròwòrò. Ìyá wa á fẹ́ iná títí á fi rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ omi inú ìkòkò kò ní hó.

Nílé tiwa, oúnjẹ tí kò tètè jinná ni ìyà igi tútù. Ebi á pa wá díẹ̀, a óò kùn, ó tán. Ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé tí ó jẹ́ pé igi tútù lè sun ilé, ó sì lè pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Orúkọ ibẹ̀ ni Vermont. Ìpínlẹ̀ kan ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ó sì bá ilẹ̀ Kánádà pààlà. Òkè àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún kan títí di oṣù kẹrin ọdún kejì ni wọ́n ń dáná sínú ilé, kì í ṣe nítorí oúnjẹ, bí kò ṣe kí ara wọn lè móoru.

Ẹ má fi òtútù wọn wé ọyẹ́ tiwa o. Ọyẹ́ a máa mú kí ètè wa là, àwọn àgbà a sì jókòó ti iná ní òwúrọ̀. Bí oòrùn bá ti mú, ọ̀rọ̀ parí. Ní Vermont, bí ẹ bá gbé garawa omi síta ní alẹ́ oṣù kìíní ọdún, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti di yìnyín gbagidi. Adágún omi a máa dì tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀. Ibi tí omi ti ń dì ni àwọn tó ń wọn òtútù ń pè ní òdo. Òru Vermont lè lọ sí 20 sábẹ́ òdo, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí iná ilé rẹ̀ bá kú ní irú òru bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá kí a da aṣọ méjì bora.

Ẹ lè bi wá pé, ṣebí Amẹ́ríkà ni, ṣé wọn kò ní iná mànàmáná ni? Wọ́n ní in. Ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń fi epo tàbí gáàsì móoru. Ṣùgbọ́n epo wọ́n, igbó sì wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná náà a máa lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, òjò kan rọ̀ ní agbègbè náà, tí ó ń di yìnyín bí ó ti ń kan igi àti wáyà. Ìwúwo yìnyín náà já wáyà, ó wó òpó. Ní Maine, ìpínlẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Vermont, ó ju ìdajì àwọn ará ibẹ̀ lọ tí ó wà nínú òkùnkùn, ti àwọn mìíràn sì tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ tí ń fi epo mú ilé móoru, iná mànàmáná ló ń yí i, nítorí náà òun náà dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ní sítóòfù onígi, tí igi gbígbẹ sì wà lẹ́yìnkùlé wọn, àwọn ni wọ́n rí ibi jókòó. Àwọn kan tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, èéfín rẹ̀ sì pa wọ́n. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ èéfín yìí.

Nígbà wo wá ni ènìyàn ń gé igi ìgbà òtútù? Igi tí wọn yóò dá ní ìgbà òtútù yìí, ìgbà òtútù tó kọjá ni ó yẹ kí wọ́n ti gé e. Nígbà náà, ewé ti wọ́ dànù lórí igi, ó sì rọrùn láti fa ìtì igi lórí yìnyín. Kí òtútù tó lọ, wọ́n á ti là á. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni igi náà yóò fi máa gbẹ. Àwa máa ń sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ pa òwe yìí fún ará Vermont, á ní kí ni òun fẹ́ fi ilẹ̀ tútù ṣe! Igi ni tiwọn tí wọ́n ń tò síwájú.

Igi kò dọ́gba. Bí àwa ti mọ̀ pé igi ayìn le, pé iná rẹ̀ mú, pé ẹ̀yin iná rẹ̀ sì ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà mọ igi maple àti igi oak. Igi pine fúyẹ́, ó sì tètè ń jó tán. Wọ́n máa ń fi í tanná ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbójú lé mọ́jú.

Ẹ́ńjìnnì ìgégi ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gé ìtì igi sí wẹ́wẹ́ lónìí. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 16, nítorí pé inú sítóòfù ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó gé igi. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n á rí ìjà lóṣù kìíní. Lẹ́yìn èyí ni lílà. Wọ́n á gbé igi náà sórí ìtì tó nípọn, wọ́n á sì fi àáké wúwo là á sọ́nà bí ẹni la obì. Lórí ìtì ló yẹ kí igi wà, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Bí àáké bá tàsé, ìtì ni yóò bà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì á yà síra, bàtà líle á wà lẹ́sẹ̀, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí. Ohun kan yani lẹ́nu: nígbà tí òtútù bá mú jù ni igi ń tètè là, nítorí omi inú rẹ̀ ti di yìnyín, kò sì lè tẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń là á, nígbà tí igi tí kò tóbi púpọ̀ lè wọ inú sítóòfù bẹ́ẹ̀? Nítorí èèpo ni. Aṣọ òjò ń dí omi lọ́nà kó má wọlé sí wa lára. Èèpo igi ń dí omi lọ́nà kó má jáde. Ibi tí a bá là ni omi ń gbà jáde.

Omi náà kì í ṣe kékeré. Ní Vermont, wọn kì í ta igi ní ìdì bíi tiwa. Okùn ni wọ́n ń pe ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé okùn ni àwọn ará àtijọ́ fi ń wọ̀n ọ́n. Okùn kan ni igi tí a tò ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sókè, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn. Ilé tí kò ní ohun mìíràn tí ó fi ń móoru lè jó okùn mẹ́rin sí mẹ́fà kí òtútù tó lọ. Ẹ wá gbọ́: okùn kan igi maple tútù fi nǹkan bíi 400 kílò wúwo ju ìgbà tó bá gbẹ lọ. Ìyẹn ni àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ. Omi nìkan ni o! Bí ẹ bá ju igi tútù sínú iná, iná á kọ́kọ́ máa se omi yẹn ná. Ooru tí ìbá mú ọmọ yín móoru, ó ti bá omi gba ọ̀pá èéfín lọ.

Títò igi ló gba làákàyè jù. Igi gígùn méjì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ bí irin rélùwéè, kí igi ìdáná má baà kan ilẹ̀. Igi tó bá kan ilẹ̀ á fa omi, á sì jẹrà. Àwa tí ikán ń bá gbé mọ èyí dáadáa. Lórí igi méjèèjì ni wọ́n ń tò ó sí, ní ìlà kan ṣoṣo, níbi tí oòrùn ti ń ràn, tí atẹ́gùn sì ti ń fẹ́. Wọn kì í há a mọ́ra jù. Wọ́n máa ń fi ṣàwàdà pé kí eku lè sá gba àárín igi kọjá, ṣùgbọ́n kí ológbò tó ń lé e má lè gbà á.

Bíbò rẹ̀ ńkọ́? Orí rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n bò, kí òjò àti yìnyín má baà wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀. Omi inú igi ni wọ́n há mọ́bẹ̀. Ta ló ń sá aṣọ tó fọ̀ sínú ọ̀rá?

Igi tó tètè ń gbẹ lè gbà tó oṣù mẹ́fà. Igi oak fẹ́ ọdún kan, ó lè tó méjì. Nígbà tí omi inú rẹ̀ kò bá ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ, ó tó í dá. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wò ó, ṣùgbọ́n àgbà kò nílò ẹ̀rọ. Orí igi gbígbẹ máa ń sán. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá. Bí a bá gbá méjì pọ̀, igi tútù á dún gbì, igi gbígbẹ á dún kọ́ọ́. Bí ó bá sì ti dénú iná, tó ń hó ṣììì, tí ìfófòó ń yọ lórí rẹ̀, ẹjọ́ ti tán: ẹni tó là á kò tètè là á.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ewu wà. Ẹ̀yìn ìkòkò wa dúdú nítorí èéfín. Nínú ọ̀pá èéfín àwọn ará Vermont, nǹkan dúdú bẹ́ẹ̀ ń gbára jọ, ó sì ń dì bí ọ̀dà. Èéfín igi tútù ló ń mú un pọ̀, nítorí iná rẹ̀ kò gbóná tó láti jó èéfín náà tán. Àwọn mìíràn tún ń dín atẹ́gùn kù fún iná lálẹ́ kí igi lè pẹ́. Ìyẹn náà ń mú ọ̀dà pọ̀. Ọ̀dà yìí ń jó bí epo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí ìtapàrà bá ta sí i, iná á gba ọ̀pá èéfín náà, á máa bú bí ọkọ̀ òfurufú, á sì lè mú àjà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbá ọ̀pá èéfín ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òtútù tó dé. Ẹni tó ṣe èyí, tó sì ń dá igi gbígbẹ, lè sùn.

Ewu kejì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Afẹ́fẹ́ olóró kan ni tí ń bẹ nínú èéfín igi, èéfín èédú àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Kábọ̀n monọ́ksáìdì ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀pá èéfín bá dí, inú ilé ló ń padà sí. Orí á fọ́ni, oorun á kunni, ẹni tó bá sì sùn lè má jí mọ́. Ní Vermont, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ sínú ilé tí ń ké bí ó bá ti gbọ́ ọ. Àwa náà kò bọ́ o. Ẹni tó gbé ìkòkò èédú sínú yàrá nígbà ọyẹ́, tó ti fèrèsé, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń bá sùn.

Sítóòfù onírin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà wà. Tẹ́lẹ̀, inú ihò ńlá ní ara ògiri ni wọ́n ń dáná sí, ọ̀pọ̀ ooru á sì gba òkè lọ. Ní ọdún 1742, Benjamin Franklin ṣe sítóòfù onírin kan tí ó ń fi ooru sílẹ̀ fún ilé. Wọ́n fẹ́ fún un ní àṣẹ pé òun nìkan ni kó máa tà á, kò gbà. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn mìíràn tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àgbà, aláìsàn àti tálákà tí kò lè là igi ńkọ́? Ní àwọn ìlú kan, àwọn aládùúgbò ń kó ara wọn jọ, bí ìgbà tí a bá be ọ̀wẹ̀, wọ́n á là igi, wọ́n á tò ó sí ojú kan, ẹni tí tirẹ̀ bá tán á lọ gbà níbẹ̀. Igi tí wọ́n gé nítòsí ni wọ́n sì ń lò. Kòkòrò kan tí ń pa igi ash dé Vermont ní ọdún 2018, kò sì sí ohun tó tètè ń gbé e rìnrìn àjò bí igi ìdáná tí a fi ọkọ̀ kó láti ọ̀nà jíjìn.

Ó ku eérú. Ẹ̀yin iná lè wà láàyè lábẹ́ eérú fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà inú garawa onírin tó ní ìdérí ni wọ́n ń kó o sí, lóde, jìnnà sí ilé. Ẹni tó kó o sínú páálí, tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná sí i. Bí yìnyín bá yọ́, wọ́n á fọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ sí oko ẹ̀fọ́. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ Vermont ń sẹ́ omi eérú, wọ́n ń fi òun àti ọ̀rá ẹran se ọṣẹ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń se ọṣẹ dúdú, ẹ óò rí i pé iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí yín.