Ọ̀pẹ Lórí Tábìlì Póókà: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Eré Yìí Pẹ̀lú Owó Kékeré

Nídìí ayò, orúkọ méjì ni àwọn baba wa fún àwọn tó jókòó ti ọpọ́n: ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí wọ́n ń pa láyò. Kò sí ẹni tí a bí ní ọ̀ta. Ìjókòó ti ọpọ́n, kíka ọmọ ayò, àti ojú tó ń ṣọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń di ọ̀ta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nídìí póókà, eré káàdì tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ta lórí ayélujára lóde òní. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé yẹ̀yẹ́ nìkan ni ọ̀pẹ ayò máa ń gbé lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ póókà máa ń fi owó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dìde.

Ní ọdún 2003, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó, Chris Moneymaker, san dọ́là 86 láti wọ ìdíje kékeré kan lórí ayélujára. Ìdíje náà ló ṣílẹ̀kùn fún un títí ó fi dé ìdíje àgbáyé ní Las Vegas, níbi tó ti gba dọ́là mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá irú oríire bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ròyìn àwọn tó san irú owó yẹn tí wọn kò rí nǹkan kan gbà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé àlá mílíọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sọ̀rọ̀ nípa tábìlì tó kéré jù lọ, àti ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ máa dára sí i, kí owó oúnjẹ ilé má sì bá a lọ.

Bí tábìlì náà ṣe rí

Irú póókà tó gbilẹ̀ jù ni Texas Hold'em. Káàdì méjì ni wọ́n ń pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣí márùn-ún sí àárín fún gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan, àti ẹyọ kan ìkẹyìn. Ẹni tó bá fi káàdì méje wọ̀nyí to márùn-ún tó dára jù lọ ni yóò kó owó àárín, àfi bí gbogbo àwọn yòókù bá ti sá fún un kó tó di ìgbà náà.

Ní tábìlì owó ojú ẹsẹ̀, èyí tó yàtọ̀ sí ìdíje, owó gidi ni ohun tó wà níwájú yín, ẹ sì lè dìde nígbàkígbà tó bá wù yín. Kí wọ́n tó pín káàdì, ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi owó díẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní blind. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, blind kékeré ní tábìlì tó rẹlẹ̀ jù jẹ́ sẹ́ńtì kan, blind ńlá sì jẹ́ sẹ́ńtì méjì. Owó tí ènìyàn sábà máa ń gbé jókòó jẹ́ 100 blind ńlá, ìyẹn dọ́là méjì.

Ẹ má gbàgbé ilé tó gbé tábìlì kalẹ̀. Nígbà tí owó àárín bá ti tó nǹkan, ilé máa ń yọ tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń tó bíi sẹ́ńtì márùn-ún nínú dọ́là kan. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́fà bá gbé dọ́là méjì-méjì jókòó, tí wọ́n sì ń ta á títí ilẹ̀ fi mọ́, owó tó kù lórí tábìlì kò ní pé dọ́là 12 mọ́. Nítorí èyí, kò tó kí ẹ kàn mọ̀ ọ́n ta díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ jù wọ́n lọ tó bẹ́ẹ̀ tí èrè yín yóò fi borí ohun tí ilé ń yọ. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta póókà fi ń pàdánù nígbà tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń fi káàdì sílẹ̀

Àléébù tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ọ̀pẹ ni pé gbogbo káàdì ló fẹ́ fi ṣeré. Lójú tirẹ̀, òun wá ta káàdì ni, òun kò wá wòran. Ṣùgbọ́n ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà jáde nínú káàdì 52. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 17 ni a ń rí méjì tó jọra. A méjì, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 221. Káàdì tí kò nílárí ló pọ̀ jù. Ní tábìlì ẹni mẹ́fà, ẹni tó bá ń fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́rin kì í ṣe ojo. Owó rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ibi tí ẹ jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Àmì kan wà lórí tábìlì tó ń yí kiri, tó ń fi ẹni tó jẹ́ olùpín káàdì hàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí káàdì àárín, ẹni tí àmì náà wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kó tó kàn án, ó ti mọ ẹni tó fi owó lé e àti ẹni tó sá. Nítorí náà, bí ẹ bá ní K àti 9 tí ẹ̀yà wọn kò dọ́gba, tí gbogbo ènìyàn sì ti fi káàdì sílẹ̀ títí tó fi kàn yín nídìí àmì yẹn, ẹ lè fi owó lé e. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Ìṣirò tí orí lè gbé

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Káàdì mẹ́rin ti ṣí sílẹ̀ ní àárín, ó ku ẹyọ kan. Ẹ ti ní mẹ́rin tí ẹ̀yà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ sì ń retí ìkarùn-ún. Káàdì 13 ló wà nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ti wà lójú yín, ó ku mẹ́sàn-án. Àpapọ̀ káàdì tí ẹ kò tíì rí jẹ́ 46. Mẹ́sàn-án nínú 46 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún.

Bí owó àárín bá jẹ́ sẹ́ńtì 30, tí ẹni tí ẹ jọ ń ta á sì fi sẹ́ńtì 30 mìíràn lé e, sẹ́ńtì 30 ni ẹ ó san láti gba 60. Kí ẹ má baà pàdánù, ẹ gbọ́dọ̀ máa jẹ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún kò tó o. Ẹ fi káàdì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sẹ́ńtì márùn-ún péré ló fi lé e, márùn-ún ni ẹ ó san láti gba 35, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́jọ sì ti tó fún irú iye bẹ́ẹ̀. Ẹ san án. Káàdì kan náà ni, ṣùgbọ́n iye owó ti yí ìpinnu padà. Ẹni tó bá lè ṣe ìṣirò yìí kíákíá ti kúrò lára àwọn tó ń ta káàdì nítorí pé ara wọn sọ fún wọn.

Ohun mìíràn tún ni pé ní tábìlì kékeré, àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti sanwó kí wọ́n lè rí káàdì ẹlòmíràn. Ìhàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní í sá kò ṣeé dẹ́rù bà. Nígbà tí káàdì yín bá dára, ẹ fi owó lé e ní gbangba, wọn yóò san án. Bí ẹni tó dákẹ́ láti àárọ̀ bá sì ṣàdédé fi owó ńlá lé e nígbà tí káàdì ìkẹyìn ṣí, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì yẹra.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Ẹ ya owó eré sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, owó ìwé ọmọ àti owó ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó jẹ́ pé bó bá lọ tán, oúnjẹ kò ní í yí padà. Ní ọdún 2006, Chris Ferguson, ọmọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé póókà ní ọdún 2000, pinnu láti bẹ̀rẹ̀ láìní kọ́bọ̀, láti inú ìdíje ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2007, owó náà pé dọ́là 10,000. Òfin tó fi de ara rẹ̀ ni pé òun kò ní í gbé ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó òun lọ sí tábìlì kan. Bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá sì ju ìdá mẹ́wàá lọ, yóò dìde.

Fún ẹni tó ń gbé dọ́là méjì jókòó, òfin yìí túmọ̀ sí pé dọ́là 40 ni owó eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá dín kù, tí kò sì sí tábìlì tó kéré ju ìyẹn lọ, kó sinmi, kó máa kọ́ ẹ̀kọ́. Kó má gun tábìlì ńlá láti lé owó tó lọ.

Nígbà tí ọkàn bá gbóná

A méjì ń na K méjì ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ bá ṣe gbogbo nǹkan bó ti tọ́, ẹ ó ṣì pàdánù ní ìgbà kan nínú márùn-ún, lójú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń sọnù, nítorí àwọn àgbà ti wí pé ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹni tí inú bí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo káàdì ṣeré, á sì máa fi owó lé e láti gbẹ̀san. Ẹ ti pinnu rẹ̀ kí ẹ tó jókòó: bí dọ́là méjì bá lọ ní ìgbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹ ti kọ̀ǹpútà pa. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ibùdó máa ń fi pamọ́, kí ẹ wo mẹ́ta péré nínú ibi tí ẹ ti pàdánù owó ńlá. Ẹ bi ara yín pé: káàdì ló ta kò mí ni, àbí èmi ni mo san ohun tí n kò yẹ kí n san? Ìdáhùn òótọ́ sí ìbéèrè yìí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ dára ju wákàtí mẹ́wàá tí ẹnì kan fi ta káàdì láìronú lọ.

Iye tí èrè jẹ́ gan-an

Blind ńlá tí ènìyàn ń jẹ nínú káàdì 100 tí wọ́n bá pín ni wọ́n fi ń wọn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ blind ńlá márùn-ún ti dára. Ní tábìlì sẹ́ńtì kan sí méjì, ìyẹn jẹ́ sẹ́ńtì 10. Tábìlì kan kì í sì í sábà pín tó 100 ní wákàtí kan. Ẹ rò ó wò: ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, tó sì jókòó fún wákàtí kan gbáko, kò rí sẹ́ńtì 10. Owó ẹ̀kọ́ olówó pọ́ọ́kú ni tábìlì yìí. Kò lè rọ́pò iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ kò fẹ́ ire fún yín.

Ọ̀rọ̀ ilé

Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń gbé kí ẹ tó fi owó sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, New Jersey àti Pennsylvania fàyè gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tíì fún ibùdó kankan níwèé àṣẹ. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ta á, láti oṣù kẹrin ọdún 2020 sì ni wọ́n ti fòfin de fífi káàdì àwìn báńkì ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ níbẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GAMSTOP lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ibùdó tó ní ìwé àṣẹ yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ sọ iye owó eré náà fún ọkọ tàbí aya yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sínú ìwé tí àwọn náà lè ṣí. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi ìwé náà pamọ́, tàbí pé ẹ ti ń yá owó, tàbí tí ẹ ń purọ́ nípa ibi tí oorun òru yín ń lọ, ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Kò sí ẹ̀kọ́ póókà kankan tó wúlò mọ́ nígbà náà. Ẹ pa á tì, kí ẹ sì wá ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ṣí sílẹ̀, tí owó kò ju ìwọ̀n lọ, tí ọkàn sì tutù, ẹ máa kọ́ ọ lọ ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ṣí ojú ewé kìíní ìwé náà, kí ẹ fi wé ti ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ ti ń kúrò ní ọ̀pẹ.