Ọsàn ń tán lọ ní Florida: ibo gan-an ni òórùn ọsàn inú glaze kéèkì ti ń wá?

Ìròyìn ọsàn tó ń ti ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà wá kò ya ẹni tó ń tẹ̀lé e lẹ́nu mọ́. Ní sáà 1997 sí 1998, àpótí ọsàn mílíọ̀nù 244 ni wọ́n kó lóko. Ní sáà 2024 sí 2025, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 lọ. Alico, tó wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tí oko ọsàn wọn tóbi jù níbẹ̀, kéde ní oṣù Kínní ọdún 2025 pé àwọn máa fi iṣẹ́ ọsàn sílẹ̀ tí ìkórè sáà náà bá ti parí. Ẹni tó ń ṣe kéèkì nílé lè gbọ́ èyí kó sì rò pé nígbà tí omi ọsàn bá ti wọ́n, òórùn ọsàn orí kéèkì náà ti wọ́n nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí. Glaze ni ṣúgà tí a fi omi ọsàn pò, tí a wá dà sórí kéèkì, bọ́nsì tàbí dónọ́ọ̀tì kó lè máa dán. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí omi ọsàn inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe ta sánsán tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo tí à ń dànù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí omi. Ife kan icing sugar, ìyẹn ṣúgà tí wọ́n lọ̀ kúnná lẹ́búlẹ́bú, wọn nǹkan bíi gíráàmù 120. Ṣíbí ńlá méjì omi ọsàn, nǹkan bíi mílílítà 30, ni wọ́n sábà máa ń fi pò ó. Nínú 100 omi ọsàn, nǹkan bíi 88 ló jẹ́ omi lásán. Bí ilé kò bá gbóná jù, gíráàmù omi kan kì í gbà ju gíráàmù ṣúgà méjì lọ kó tó yó. A jẹ́ pé omi tó wà nínú ṣíbí méjì yẹn lè yọ́ nǹkan bíi gíráàmù 52. Ìyókù, tó lé ní gíráàmù 60, kò yọ́ rárá. Ó wà níbẹ̀ ní hóró tó kéré débi pé ahọ́n ò mọ̀ ọ́n. Àwọn hóró yìí ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí glaze fi ń funfun. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wá fa díẹ̀ lára omi náà, èyí tó ti yọ́ á tún padà di líle, á lẹ̀ mọ́ àwọn tí kò yọ́, gbogbo rẹ̀ á sì so mọ́ra. Ohun tí à ń rí tí a fi ń sọ pé ó ti gbẹ nìyẹn.

Ká wá ní ẹnì kan tọ́ ọ wò, tí òórùn ọsàn ò hàn, tó sì bu ṣíbí méjì mìíràn sí i. Omi ti pọ̀ tó láti yọ́ ṣúgà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Glaze á mọ́ gaara, á di omi ṣúgà, á sì ṣàn kúrò lórí kéèkì bọ́ sínú àwo. Funfun rẹ̀ ti lọ, kò sì ní gbẹ, òórùn ọsàn tí ó torí rẹ̀ bu omi kún un kò sì tíì dé. Kéèkì gbígbóná náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, torí pé gíráàmù omi kan tí ooru rẹ̀ bá dé 80 lórí ìdíwọ̀n Celsius lè gba ju gíráàmù ṣúgà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń ní ká jẹ́ kí kéèkì tutù pátápátá nìyẹn. Àwọn ará Britain a máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òdìkejì fún èyí tí wọ́n ń pè ní lemon drizzle: orí kéèkì gbígbóná ni wọ́n ń da ṣúgà àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù sí, kó lè mu wọ inú lọ.

Ojú ọjọ́ náà ní tiẹ̀. Omi tó ti gba ṣúgà yó kì í gbẹ nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 85 nínú 100. Ńṣe ni yóò máa fa omi sí i láti inú afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń gbé Èkó mọ irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje. Glaze tó gbẹ kíákíá nígbà ọyẹ́ lè máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ títí di alẹ́ nígbà òjò, kí ẹni tó ṣe é sì máa rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlànà tí wọ́n kọ ní London tàbí New York ti ń já àwọn èèyàn wa kulẹ̀: afẹ́fẹ́ etí òkun wa kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Lásìkò òjò, ẹ dín omi rẹ̀ kù, ẹ dà á sí kéèkì nígbà tí jíjẹ rẹ̀ bá kù díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí i.

Nígbà tó jẹ́ pé ṣíbí méjì péré ni àyè wà fún, a ní láti wá òórùn ọsàn sí ibi tí kì í ṣe omi. Ẹ mú èèpo ọsàn tútù kan, ẹ ká a lẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ iná àbẹ́là. Ohun tó bá tú jáde lára rẹ̀ á gbiná. Òróró ni. Àwọn àpò wínníwínní tó wà nínú awọ òde ló kó o sí, àwọn tí ojú ń rí bí ihò tótòtó lára ọsàn. Ohun tí wọ́n ń pè ní limonene kó ju 90 lọ nínú 100 òróró èèpo ọsàn. Àwọn tó kù, bíi octanal àti decanal, kéré gan-an, ṣùgbọ́n imú a máa tètè gbọ́ wọn. Ti lẹ́mọ́ọ̀nù yàtọ̀ díẹ̀: limonene inú rẹ̀ kò tó ti ọsàn, citral sì wà níbẹ̀ tó ń fún un ní òórùn tirẹ̀. Citral yìí kan náà ló wà nínú koríko ọba tí à ń sè mu, ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi ń jọ ara wọn nímú.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Florida kan ìṣòro òórùn tí kì í dúró sínú omi ọsàn nígbà tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa mú omi ọsàn ki kí wọ́n sì mú un dì, láàárín ọdún 1940 sí 1949. Nígbà tí wọ́n bá fa omi kúrò lára rẹ̀, òórùn á bá omi náà lọ. Ohun tó kù dùn, ó kan díẹ̀, àmọ́ kò jọ ọsàn lẹ́nu. Ọgbọ́n tí wọ́n dá, tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1948, ni pé kí wọ́n jẹ́ kó ki ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n wá bu omi ọsàn tútù díẹ̀ padà sí i. Títí di òní, omi ọsàn tí wọ́n tọ́jú pẹ́ sínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò dé a máa pàdánù òórùn rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ a sì máa dá òórùn àti òróró tí wọ́n gbà lára ọsàn padà sínú rẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́ sí páálí.

Kí ló wá ń pa igi ọsàn Florida? Ìjì wà níbẹ̀: Irma ní 2017, Ian ní 2022, Milton ní oṣù Kẹwàá 2024. Ṣùgbọ́n àìsàn tí wọ́n ń pè ní huanglongbing ti ń jẹ àwọn oko náà lábẹ́lẹ̀ ṣáájú wọn. Kòkòrò kan tí kò gùn ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta lọ ló ń gbé e kiri. Tó bá ń fa oje ewé, á na ìdí rẹ̀ sókè, á sì máa tu bakitéríà sínú ọ̀nà tí igi fi ń gbé oúnjẹ láti ara ewé lọ sí gbòǹgbò. Ọ̀nà náà á dí. Gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ewé á pọ́n lápá kan, ọsàn á kéré, á wọ́, á korò, á sì já kó tó gbó. Kò tíì sí ìwòsàn. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gún igi ní abẹ́rẹ́ oxytetracycline kó lè pẹ́ sí i díẹ̀. Brazil, tó ń ta ju ìdajì omi ọsàn tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, rí àìsàn náà ní 2004. Nígbà tó fi máa di 2024, nǹkan bíi igi 44 nínú 100 ló ti ní in ní àgbègbè São Paulo àti ìwọ̀ oòrùn Minas Gerais, níbi tí oko wọn pọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sínú Scientific Reports pé àwọn ti rí kòkòrò yìí ní Nàìjíríà. Rírí kòkòrò kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti wọlé. Àmọ́ ní Florida, ọdún 1998 ni wọ́n rí kòkòrò náà, ọdún 2005 ni wọ́n rí àìsàn. Lójú tèmi, irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń fi sùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ọsàn, kó bèèrè ibi tí irúgbìn ti wá. NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ewébẹ̀, wà ní Ìbàdàn fún irú ìbéèrè yìí.

Ọsàn tiwa a máa wà ní àwọ̀ ewé bó tilẹ̀ pọ́n, torí pé òru wa kì í tutù tó láti pa àwọ̀ ewé náà rẹ́. Kò túmọ̀ sí pé kò gbó, mi ò sì rò pé èèpo rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti olómi wúrà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, tí wọ́n sábà máa ń kun ní ìda àti oògùn tí kì í jẹ́ kó bu. Ẹ fọ ọsàn dáadáa, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì rin awọ òde rẹ̀ nìkan lórí ohun tí ẹ fi ń rin ilá. Tí ẹ bá ti kan funfun, ẹ yí i síbòmíràn, torí funfun yẹn korò. Ẹ da èèpo tí ẹ rin sínú ife icing sugar kan, kí ẹ sì fi ìka ra á pọ̀ títí ṣúgà á fi tutù díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Òróró kì í yọ́ sínú omi. Ṣúgà ni yóò gbà á mọ́ra. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Omi ló kàn. Omi ọsàn mímu kì í sábà ní ásíìdì tó pé 1 nínú 100, ti ọsàn wẹ́wẹ́ a sì máa tó 5 tàbí 6. Nínú gíráàmù ṣúgà 120, kíkan ti àkọ́kọ́ kò lè hàn. Torí náà, ṣíbí kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ẹ wá máa fi omi ọsàn mímu kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé ṣíbí sókè: èyí tó bá kán sílẹ̀ yẹ kó jókòó lórí ìyókù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó rì. Tó bá ti rì lójú ẹsẹ̀, ẹ bu ṣúgà sí i.

Tí ẹ bá sì ń ra ọsàn kéèkì lọ́wọ́ ọlọ́sàn, ẹ tètè sọ fún un kó má bó o.