Irin Kiel ní Ẹnu Èbúté Èkó

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn ń bọ̀, tó bá ti ra ọsàn ní Fìdítì, kò ní í pẹ́ dé Ìlọrà. Òkun jìnnà sí wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kò gbàgbé ìgbà ogun Hítílà, tí iyọ̀ wọ́n bí ojú. Orí òkun ni iyọ̀ ń gbà wọlé, abẹ́ òkun náà sì ni ọ̀tá lúgọ sí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, U-69, yọ́ kẹ́lẹ́ dé Takoradi ní Gánà òde òní, ó sì tún yọ́ dé Èkó. Jost Metzler ni ọ̀gá rẹ̀. Bọ́ǹbù ló rọra kó sísàlẹ̀ omi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ọ̀kan bú mọ́ ọkọ̀ akóyanrìn Robert Hughes ní Èkó, ọkọ̀ náà sì rì. Yanrìn kì í sinmi ní ẹnu èbúté Èkó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kó o, ọkọ̀ ẹrù kò ní í ráyè wọlé. Ọkọ̀ tí ń la ọ̀nà fún àwọn yòókù gan-an ló bá ogun yẹn lọ.

Báwo ni ọkọ̀ abẹ́ omi ṣe ń ṣiṣẹ́, ta ló sì ń kàn án? Ẹ jẹ́ ká fi ìgò ṣàlàyé. Tì í bọ odò, jẹ́ kó mumi, á rì. Da omi inú rẹ̀ nù, á léfòó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ abẹ́ omi ṣe ń mumi kó tó wọlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú àgbá ló sì fi ń lé omi náà jáde. Ara irin rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bó ṣe ń jìn sí i ni omi ń fún un mọ́ra.

Ohun tó dé bá Wilhelm Bauer, ọkùnrin kan tó ń ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi, ní ìlú Kiel ní Jámánì òde òní nìyẹn, ní ọjọ́ 1 oṣù kejì 1851. Owó kò tó, ni wọ́n bá fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Schweffel àti Howaldt. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tẹ̀ wọnú, ó rì tòun ti Bauer àti ọkùnrin méjì. Bauer ní kí wọ́n jẹ́ kí omi máa wọlé títí agbára inú yóò fi bá ti òde dọ́gba, kí ìlẹ̀kùn lè ṣí. Wọ́n dúró nínú òkùnkùn, omi tútù ń gùn wọ́n bọ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yè. Ìdúró yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi.

Ní Kiel yìí kan náà, iléeṣẹ́ Germaniawerft kan U-1, ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì gbà, ní 1906. Iléeṣẹ́ náà ló tún kan U-69 tó wá sí Èkó, mítà 67 ní gígùn, irin tí àwọn wẹ́dà jó pọ̀ títí tí omi kò fi ríbi wọ̀. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rì í sómi ní oṣù kejì 1943. Kò sẹ́ni tó yè nínú rẹ̀.

Àwa náà ti ń kan ọkọ̀ ogun. NNS Andoni, mítà 31, bọ́ sójú omi ní 2012 láti iléeṣẹ́ ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi wa ní Victoria Island. Karaduwa tẹ̀ lé e ní 2016, Oji ní 2021. A kò tíì ní ti abẹ́ omi. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Fìdítì àti Ìlọrà, ẹ má pè é ní iṣẹ́ ẹni tí kò ríwèé kà. Ẹ sọ fún un pé irú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi kan Andoni.