Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Adìẹ tó jáde nínú kéèjì

Ní Ìlú Ọba, tí adìẹ ẹlẹ́yin inú kéèjì bá ti tó bí ọdún kan ààbọ̀, ẹyin rẹ̀ á máa dínkù, wọ́n á sì fẹ́ pa á. Ẹgbẹ́ British Hen Welfare Trust, tí Jane Howorth dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, ń gbà wọ́n lọ́wọ́ olóko fún ẹni tó bá fẹ́ sìn wọ́n nílé.

Kí lẹ máa rí? Ọrùn tó pá, ogbe tó ti ṣì, èékánná gígùn. Tó bá kọ́kọ́ tẹ koríko, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á dúró, bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀.

Ẹ rọra tọ́jú wọn:
• Oúnjẹ ẹlẹ́yin lílọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Òun ló mọ́ wọn lẹ́nu.
• Igi tí wọ́n máa bà lé kò gbọdọ̀ ga. Ẹsẹ̀ wọn kò tíì lágbára.
• Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ fọwọ́ gbé wọn wọlé títí wọ́n á fi mọ̀nà.
• Ẹ má fún wọn ní àjẹkù ilé ìdáná. Òfin kò fẹ́ ẹ.
• Ní England àti Wales, láti October 1, 2024, kódà adìẹ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Tó bá yá, ìyẹ́ tuntun á bo ọrùn, ogbe á pọ́n. Ó ti yé ẹyin fún wa tó. Ìsinmi tọ́ sí i.