Danganronpa: Géèmù Tí Ẹ̀rí Ti Di Ọta Ìbọn

Èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn géèmù ìbọn. Kí èèyàn máa sáré kiri nínú ilé àwókù, kó máa yìnbọn lu ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, kò dùn mọ́ mi rárá. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo fi dàgbà. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tó jáde ní 1969, mo kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Síbẹ̀, nínú gbogbo géèmù orí ẹ̀rọ àfọwọ́dání, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ìbọn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Danganronpa lorúkọ rẹ̀. Ọta inú ìbọn yẹn ló yàtọ̀: ẹ̀rí ni.

Ilé iṣẹ́ Spike ní Japan ló gbé e jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2010 fún PSP, ẹ̀rọ géèmù Sony tó ṣeé kì bọ àpò. Kazutaka Kodaka ló kọ ìtàn rẹ̀, Rui Komatsuzaki ló ya àwọn ọmọ inú rẹ̀, Masafumi Takada ló sì ṣe orin rẹ̀. Àwa tí a kò gbọ́ èdè Japan dúró títí di 2014 kí ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tó dé sórí PS Vita, àbúrò PSP.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà tó ń jẹ́ Hope's Peak. Wọn kì í gba fọ́ọ̀mù níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó ta yọ lẹ́nu iṣẹ́ kan: olórin, atatẹ́tẹ́, òǹkọ̀wé, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà dénú. Makoto Naegi, ẹni tí à ń darí, kò ta yọ níbì kankan. Ìbò ni wọ́n dì tó mú un. Bó ṣe ń wọlé ni òòyì kọ́ ọ, ìgbà tí yóò sì fi lajú, irin ti dí gbogbo fèrèsé, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ 15 lápapọ̀, ti wà láhàámọ́. Béárì kékeré kan, Monokuma, tí apá kan rẹ̀ funfun tí apá kejì dúdú, wá jókòó, ó lóun ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pa ọ̀kan nínú wọn láìjẹ́ kí àṣírí tú. Bí òkú bá ti sùn, wọ́n á ṣèwádìí, wọ́n á sì pe kóòtù. Tí wọ́n bá mú apànìyàn gan-an, òun nìkan ló máa kú. Tí wọ́n bá ṣi ẹlòmíì mú, gbogbo àwọn tó kù ló máa kú, apànìyàn á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Nobuyo Oyama ló fọ ohùn Monokuma lédè Japan. Obìnrin yìí kan náà ló fọ ohùn Doraemon, ológbò tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ fẹ́ràn, fún ọdún 26. Ìkà ni ẹni tó ronú kan ìyẹn, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yàrá Makoto máa ń há: èèyàn ní láti yí ọwọ́ rẹ̀ kó sì gbé e sókè díẹ̀ kó tó ṣí. Balùwẹ̀ àwọn obìnrin ṣeé tì, ti àwọn ọkùnrin kò ṣeé tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òkú wà nínú balùwẹ̀ yẹn, ẹnì kan sì ti tú ìṣó oníyíyí tó de ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Kí ló dé tí èèyàn á fi tú ọwọ́ ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì? Àfi ẹni tó rò pé wọ́n tì í. Ta ló máa rò bẹ́ẹ̀? Ẹni tó rò pé yàrá obìnrin lòun wà. Gbogbo ọkùnrin ni wọ́n fún ní àpótí irinṣẹ́. Ti Makoto wà níbẹ̀, kò tíì lò ó rí. Ibi tí mo máa sọ ọ́ dé nìyẹn.

Gbogbo ohun kékeré wọ̀nyí ni wọ́n ń dì sínú ìbọn. Ní kóòtù, àwọn ọmọ náà dúró yí po, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ń fò kọjá lójú ẹ̀rọ ní lẹ́tà ńláńlá. Àwọ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè mẹ́hẹ máa ń yàtọ̀. Ẹ ó yan ọta, ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó yìn ín. Bí ẹ̀rí náà bá ta ko ọ̀rọ̀ yẹn lóòótọ́, ọ̀rọ̀ á fọ́ yángá. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á dín ẹ̀mí yín kù. Aago ń lọ, àwọn mìíràn sì ń pariwo tí ariwo wọn ń dí yín lójú, ẹ sì ní láti kọ́kọ́ yìnbọn tú u ká. Tó bá tún pẹ́ díẹ̀, ẹ lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan kí ẹ fi ṣe ọta fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Ọwọ́ yíyá nìkan kò tó. Ẹni tí kò tíì mọ irọ́ náà nínú orí rẹ̀, òfo ni yóò máa yìn.

Àdìtú lẹ́tà ibẹ̀ ni kò wù mí. Lẹ́tà ń fò kiri, ẹ ó máa yìnbọn lù wọ́n títí wọ́n á fi di ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́. Ó ń fi àkókò ṣòfò. Èyí tó ní ká máa tẹ bọ́tìnì bá ìlù mu láti pa alágídí lẹ́nu mọ́ tiẹ̀ ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n ní ìparí ẹjọ́, tí a bá ń to àwòrán bí ìpànìyàn náà ṣe wáyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí gbogbo rẹ̀ wá bára mu, ibẹ̀ ni mo ti jẹ èrè owó mi.

Apá kejì jáde fún PSP ní 2012, ọdún kan náà tí Spike dara pọ̀ mọ́ Chunsoft. Òmíràn nínú wọn, V3, dé sórí PS Vita ní 2017. PSP ti kógbá sílé, àmọ́ géèmù àkọ́kọ́ yìí wà fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti Nintendo Switch. Ìwé kíkà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìbọn lọ, nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé, kó fowó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí àwòrán aláràbarà àti ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ rósì inú rẹ̀ tàn yín: àwọn ará Amẹ́ríkà fi àmì M lé e, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún 17 sókè ló wà fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ má ṣe wá orúkọ apànìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì o.