Àwọn Àmì Roboto Inú Oko Ọkà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ta Ni Ó Ń Ṣe Wọ́n?

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níwájú yín jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn lé lórí títí, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ti pariwo rẹ̀ káàkiri ayé. Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ní agbègbè Hampshire àti Wiltshire, oko àlìkámà a máa tẹ́ lọ bí ẹní títí dé ẹsẹ̀ òkè. Láti nǹkan bí ọdún 1980 wá ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń jí ní òwúrọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọn a sì rí i pé apá kan oko wọn ti dùbúlẹ̀ ní roboto, bí ẹni pé a fi okùn wọ̀n ọ́n. A kò gé ọkà náà, a kò sì fà á tu. A tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, gbogbo pòròpórò rẹ̀ sì dojú kọ ọ̀nà kan náà, wọ́n yí po bí ìdí agbọ̀n tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hun.

Ta ni ó ṣe é? Àwọn kan ní ìjì ni. Àwọn kan ní àwọn ẹ̀dá láti ayé mìíràn ni, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọn balẹ̀ sínú oko. Àwọn mìíràn sì ní ọmọ aráyé ni, kì í ṣe ohun mìíràn.

Àwọn tí ó fẹ́ kí ọ̀ràn yìí ti pẹ́ láyé a máa tọ́ka sí ìwé pélébé kan tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1678. Ìwé náà sọ pé àgbẹ̀ kan ní Hertfordshire bá alágbàṣe kan ṣe asọ̀ nítorí owó iṣẹ́ gígé ọkà rẹ̀, ó sì fi ìbínú búra pé ó sàn kí èṣù wá gé e jù kí òun san iye náà lọ. Ní òru ọjọ́ náà oko yìí ń tàn bí ẹni pé iná ń jó nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ọkà náà ti di gígé. Àwòrán èṣù tí ó mú dòjé lọ́wọ́ wà lójú ìwé náà, ó sì ń gé ọkà ní roboto. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: gígé ni ìwé yìí wí, kì í ṣe títẹ̀. Ìtàn owó ọ̀yà ni, kò sì lè jẹ́rìí sí ọ̀ràn tiwa.

Lẹ́tà kan tí ọ̀gbẹ́ni John Rand Capron kọ sí ìwé ìròyìn Nature ní 1880 sún mọ́ ọ̀ràn wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí ọkà tí ó dùbúlẹ̀ ní roboto lẹ́yìn òjò líle ní Surrey, ó sì rò pé afẹ́fẹ́ tí ń yí ni ó fà á. Òótọ́ ni pé òjò àti afẹ́fẹ́ a máa wó ọkà, pàápàá bí ajílẹ̀ bá ti mú kí ó ga jù. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí òjò wó kì í sábà gún. A máa rí jákujàku bí aṣọ tí eku jẹ.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wá sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin méjì tí ọ̀ràn yìí kò lè ṣe kó má dárúkọ. Doug Bower àti Dave Chorley ni orúkọ wọn, ará Southampton ni wọ́n, àwòrán yíyà ni ó sì mú wọn rẹ́. Bower ti gbé ilẹ̀ Australia rí. Ibẹ̀ ni ẹnì kan, nítòsí Tully ní Queensland, ti sọ ní January 1966 pé òun rí ohun kan tí ó dà bí àwo tí ó gbéra láti inú àbàtà, tí ó sì fi esùsú títẹ̀ sílẹ̀ ní roboto, ìwọ̀n nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30. Ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú ìlàjì kejì àwọn ọdún 1970, bí àwọn méjèèjì ti ń rìn lẹ́bàá oko nítòsí Winchester lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní ilé ọtí, Bower rántí ìròyìn yẹn. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ni àwọn ènìyàn yóò rò bí àwọn bá ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín.

Ohun èlò wọn kò ju pátákó kan lọ, tí a so okùn mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí ń ṣe é a di okùn náà mú, a fi ẹsẹ̀ kan tẹ pátákó mọ́lẹ̀, a sì máa rìn yí ẹnì kejì rẹ̀ tí ó dúró láàárín po. Kí ẹsẹ̀ wọn má bàa hàn, ojú ọ̀nà tí táyà katakata ti là sílẹ̀ nínú oko ni wọ́n ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa ìlà gígùn, wọ́n so wáyà kan tí a tẹ̀ bí òrùka mọ́ iwájú fìlà, wọ́n ń gba inú rẹ̀ wo ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán, wọn kò sì ṣìnà. Nítorí pé ọkà kò tíì gbẹ ní June àti July, pòròpórò rẹ̀ a tẹ̀, kò sì ní í ṣẹ́. Nínú èyí kò sí ohun tí ọmọ ilé ìwé kò lè kọ́ ní ọ̀sán kan.

Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ẹni tí ó kíyè sí iṣẹ́ wọn. Wọ́n wá lọ sí Cheesefoot Head, níbi tí ilẹ̀ ti jin bí abọ́ tí ẹni tí ń kọjá lójú títì fi lè rí gbogbo rẹ̀, òkìkí sì kàn. Onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ kan, Terence Meaden, kọ̀wé pé ìjì ayíbírí ni, irú èyí tí àwa ń pè ní ààjà, ṣùgbọ́n tí ó ní agbára mànàmáná nínú. Èrò rẹ̀ kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Àmọ́ àwọn ọkùnrin méjì wọ̀nyí ka ohun tí ó kọ, wọ́n sì fi ìlà gígùn kún àmì wọn, nítorí ààjà kì í fa ìlà. Pat Delgado, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti Colin Andrews sì tẹ ìwé kan jáde ní 1989 tí ó tà púpọ̀. Èrò wọn ni pé agbára kan tí a kò mọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú oko wọ̀nyí.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà nípa ìyàwó Bower. Ó ń wo òǹkà tí ó wà nínú ọkọ̀, ó rí i pé ọ̀nà tí ọkọ òun ń rìn lóru pọ̀ jù, ó sì rò pé obìnrin kan wà níta. Nígbà náà ni ọkùnrin náà jẹ́wọ́ fún un pé inú oko ọkà ni òun ń lọ.

Ní September 1991 ni wọ́n tú àṣírí náà fún ìwé ìròyìn Today. Níhìn-ín ni gbogbo ọ̀ràn dúró lé. Kí ìwé ìròyìn náà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó mú kí wọ́n ṣe àmì kan ní Kent, ó sì pe Delgado láti wá wò ó. Ó wò ó, ó sì sọ gbangba pé ojúlówó ni, pé ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni a mú àwọn tí ó ṣe é wá síwájú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un nínú èyí pé kò sá, kò sì bẹ̀rẹ̀ àwíjàre: ó gbà pé a ti tan òun jẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dára, àwọn méjì wọ̀nyí ṣe àwọn kan, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe gbogbo rẹ̀.” Òótọ́ sì ni! Bower àti Chorley fúnra wọn sọ pé àwọn ṣe ju 200 lọ, wọn kò sì sọ pé àwọn nìkan ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá: àmì wo ni a ó fi mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú? Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ bá wo iṣẹ́ pátákó, tí ó sì pè é ní iṣẹ́ àràmàǹdà, a jẹ́ pé kò sí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá dé oko tí ó bá ebè iṣu rẹ̀ ní títú kò ní í wí pé níwọ̀n ìgbà tí òun kò rí olè, iṣu náà dìde rìn lọ ni.

A tún dán an wò ní July 1992, ní West Wycombe. A fún ẹgbẹ́ méjìlá ní àwòrán kan náà kí wọ́n fi òru ṣe é sínú oko. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ hẹlikọ́pítà ni ó gba ipò kìíní, iṣẹ́ wọn sì dán mọ́rán.

Ẹ̀rí tí ó ní làákàyè jù lọ lọ́wọ́ àwọn tí kò gbà ni ti oríkèé pòròpórò. Ní 1994, W. C. Levengood kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn pé oríkèé ọkà tí ó wà nínú àmì wọ̀nyí gùn ju ti ìta lọ. Bóyá ó gùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ irúgbìn ọkà èyíkéyìí mọ́lẹ̀ kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan: ẹ ó rí i pé ó ń gbìyànjú láti gbé orí sókè. Abẹ́ oríkèé rẹ̀ ni ó ń dàgbà ju òkè lọ, oríkèé náà a sì gùn, a sì tẹ̀. Ohun tí ó lè fi ìyàtọ̀ hàn ni kí a kó ọkà tí ènìyàn tẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí a ń ṣiyèméjì lé lórí, kí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n má sì mọ èyí tí ó ti ibì kan wá. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó yẹ iṣẹ́ Levengood wò kò fi gbà á.

Èmi kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti ṣọ́ gbogbo oko. Èyí tí ó hàn ní Milk Hill ní August 2001 ní òbírí 409, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 800. Ẹni tí ó bá wò ó tí ẹnu yà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ń hàn sí: lẹ́bàá títì, àti nítòsí àwọn òkúta àtijọ́ ní Avebury àti Stonehenge, níbi tí àwọn aláfẹ́ ti ń kọjá. Àwòrán wọn sì ń díjú sí i lọ́dọọdún bí ẹ̀rọ ìyàwòrán ti ń dára sí i. Ìjì kì í kọ́ iṣẹ́ báyìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí ẹni tí ń bi í ní ìbéèrè: àgbẹ̀. Ẹ̀rọ ìkórè kò lè ká ọkà tí ó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, àwọn àlejò a sì tún tẹ èyí tí ó dúró mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń wá wòran. Ní 2000, ilé ẹjọ́ kan ní Devizes bu owó ìtanràn £100 lé ọkùnrin kan tí ó ṣe irú àmì bẹ́ẹ̀ sínú oko ẹlòmíràn. Àwọn àgbẹ̀ kan a máa gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà oko kí àlejò lè sọ owó sí i. Àwọn mìíràn, ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá rí i gan-an, a wa ẹ̀rọ wọ inú oko, wọn a sì gé àmì náà kúrò kí ìròyìn rẹ̀ tó dé ìgboro.