Oúnjẹ àti Ọkọ̀ fún Aṣojú Ẹgbẹ́ tí Ó Lọ sí Àpápá

Bí mo bá ń yẹ ìwé ìṣirò àwọn ẹgbẹ́ tí ń ra ìyẹ̀fun, ṣúgà àti ìrẹsì lápapọ̀ ní Àpápá wò, ibì kan wà tí àríyànjiyàn kì í tán níbẹ̀: owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ àwọn aṣojú. Ẹgbẹ́ kan rán ènìyàn méjì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ní òun kò lè jẹ oúnjẹ ẹni tí òun kò mọ̀, nítorí náà òtẹ́ẹ̀lì ni ó ti ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́. Èkejì ń ṣọ́ owó ẹgbẹ́ ná, ó fi búrẹ́dì àti mínírà gbé ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òòyì sì gbé e níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Nígbà tí wọ́n délé, ìpàdé oṣù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Àwọn kan ní kí ẹni òtẹ́ẹ̀lì dá owó padà, àwọn kan ní ẹni búrẹ́dì ni kò gbọ́n. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ìrìn díẹ̀ ló kù kí wọ́n dé Ajégúnlẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè jẹ oúnjẹ oríṣiríṣi ìlú ní àdúgbò kan ṣoṣo.

Èbúté ló fa èyí. Ní 1921 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibi tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá, wọ́n sì ṣí i ní 1926. Iṣẹ́ dé, alágbàṣe sì ń wá láti ibi gbogbo. Àwọn ọ̀gá ń gbé Àpápá, àwọn tí ń ru ẹrù ń gbé Ajégúnlẹ̀, níbi tí owó ilé kò ti ga. Ibi tí wọ́n ń pè ní Boundary ni ààlà wọn. Ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́, bí kò tilẹ̀ gúnlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìjọ, Ùròbò, Ìṣẹkírì, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìbò, Haúsá, Èfíìkì àti àwa Yorùbá la jọ wà níbẹ̀, kálukú sì gbé ìkòkò rẹ̀ wá.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọbẹ̀ bàǹgà àti sítáàṣì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ùròbò. Ẹyìn ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n sì ń fún omi rẹ̀. Omi náà ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹja tútù àti èròjà olóòórùn dídùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí sítáàṣì. Èyí tí ń sílẹ̀ nídìí omi gbàgùúdá, tí à ń fi sí aṣọ kí ó lè le, òun náà ni. Wọ́n á fi epo pupa díẹ̀ rò ó lórí iná títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì máa fà. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ti ìka bọ ọbẹ̀ kí ẹ tó bu òkèlè. Àwọn Ìlàjẹ ní pupuru: gbàgùúdá tí a rẹ, tí a fún, tí a ṣù bí bọ́ọ̀lù, tí a sì fi èéfín yan kí ó má baà tètè bàjẹ́. Wọ́n á ha ara dúdú rẹ̀ kúrò, wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á sì rò ó bí àmàlà. Nínú ọbẹ̀ afang ti àwọn Èfíìkì, ìṣáwùrú a máa wà pẹ̀lú ìkarahun rẹ̀. Fífà ni à ń fà á yọ, a kì í rún un. Bọ̀ọ̀lì tí àwa fi ẹ̀pà jẹ, àwọn ará Port Harcourt a máa fi ẹja yíyan àti epo pupa aláta jẹ ẹ́. Tiwọn dára ju tiwa lọ, ẹ má bínú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba gbogbo èyí lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn, èyí tí àwọn ará Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ fi kọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹran. Àwọn kan ń ta ajá, àwọn kan ń ta ẹlẹ́dẹ̀, kò sì burú lójú wọn. Kí Mùsùlùmí, tàbí ẹni tí ó ní èèwọ̀, béèrè kí ó tó jókòó. “Màmá, ẹran wo rèé?” Ìbéèrè yìí kì í bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ọ̀pọ̀ rò pé oúnjẹ àjèjì ni í da inú rú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oúnjẹ tí ó ti kúrò lórí iná tipẹ́, tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí eṣinṣin ti bà lé, ni ọ̀tá, ìbáà jẹ́ ẹ̀fọ́ rírò irú èyí tí ìyá yín ń sè. Ìrẹsì tí ó sùn mọ́jú níta léwu púpọ̀: kòkòrò àrùn kan wà tí sísè kì í pa tán nínú rẹ̀, oró tí ó bá sì ti tú síbẹ̀, gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú un kúrò. Nítorí náà iná ni kí ẹ wò, ẹ má wo aṣọ tábìlì. Ibi tí ìkòkò ṣì ń hó, tí awakọ̀ tírélà àti alágbàrù ń wọ́ tìrítìrí lọ lọ́sàn-án, oúnjẹ kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọpọ́n, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yàn, kò ní àṣírí kankan. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Bí ó bá ti dúdú, ẹ kọjá. Láti 2024 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ike fọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, nítorí náà ẹ mú abọ́ oníderí yín dání.

Àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹgbẹ́ wa ń tọ ipasẹ̀ wọn, ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1844. Ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà, nítorí pé àwọn oníṣòwò ìgbà náà ń da nǹkan mọ́ oúnjẹ. Irú àdàmọ̀dì bẹ́ẹ̀ ni kí á bẹ̀rù, pàápàá nínú ohun mímu. Nígbà tí onígbáméjì jà ní Èkó ní oṣù Kẹfà 2024, ìjọba fura sí omi ófíó kan tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ní oṣù Kẹrin 2015, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ mu omi inú ọ̀rá tí ó ní nọ́ńbà, tí oòrùn kò sì pa. Bí inú bá ṣí, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, kí ṣíbí má ga, mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní 2021, kí ó sọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin mìíràn ti ń rìn láti Marina dé Mile 2. Ó ń dúró ní Orílé-Ìgànmú àti Sùúrù-Alábà, káàdì Cowry ni wọ́n sì fi ń sanwó rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022, ọ̀kadà di èèwọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá, òfin sì mú èrò pẹ̀lú awakọ̀. Bí ọlọ́kadà Ajégúnlẹ̀ bá ní òun yóò gbé yín dé ẹnu èbúté, ẹ sọ̀ ní Boundary. Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọ dánfó. Èyí tí ń dá ènìyàn kan ṣoṣo gbé lójú ọ̀nà lálẹ́ lè jẹ́ ti olè. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ńdọ́ yóò fi owó ńlá kan so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ óò sì jọ máa wá ṣéńjì kiri. Owó ọjà ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sí nínú àpò. Báńkì ni kí ó gbà lọ.

Tírélà ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2021 ni àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ pe tírélà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò ni wọ́n pè é, orúkọ tí Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún. Síbẹ̀ ẹ má gba àárín tírélà méjì kọjá, bí wọ́n tilẹ̀ dúró. Awakọ̀ tí ó wà lókè kò rí yín, kọ̀ńténà tí wọn kò sì so dáadáa a máa já bọ́. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool, kí ó so ẹ̀wù amúniléfòó mọ́ra kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ó má sì wọ̀ ọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ó ku ìwé owó. Ìyá olóúnjẹ kò ní ìwé ẹ̀rí ìsanwó, èmi kì í sì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan. Kí aṣojú kọ ọjọ́, àdúgbò, ohun tí ó jẹ àti iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré lójoojúmọ́, kí aṣojú kejì fọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, kí akápò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìnáwó ìrìnàjò kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.